Alùpùpù Bàbá Tí Mo Ná ní Ṣàgámù

Ìjẹ̀bú-Òde,
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kẹwàá, 1982.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n, Àǹtí Tóun,

Ẹ má bínú pé mo láyà láti kọ̀wé sí yín. Bàbá ti kìlọ̀ fún mi pé n kò gbọdọ̀ kó ìròyìn ilé dà yín láàmú, pé iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe lọ́hùn-ún ti tó yín. Mo ti kọ lẹ́tà yìí tí mo sì ya á ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Bí ó bá jẹ́ àṣìṣe ni mo ń ṣe, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ṣe ti ọmọdé. Mo kí yín kú òtútù, mo kí yín kú iṣẹ́ òru. Ṣé ara yín le?

Wọ́n ti gbà mí wọlé sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ níbí. Ọdún kìíní mi nìyí, n kò sì tíì mọ̀ bóyá mo yẹ níbẹ̀. Àwọn tí a jọ wọlé a máa dáhùn kí olùkọ́ tó béèrè tán. Èmi a máa ro ìdáhùn tèmi lọ títí wọn á fi nu pátákó. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ló mú mi kọ̀wé.

Ọ̀rọ̀ Bàbá ni. Láti ìgbà tí Ìyá ti kú, àwọn nìkan ló ń gbé ilé ní Ìlárá. Orúnkún wọn ń wú. Síbẹ̀, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn lọ sí oko ní ọ̀nà Àkàkà, tí àwọn tó ń fi máṣíìnì gbé èrò sì ń kọjá lára wọn. Bí mo bá ní kí wọ́n dá ọ̀kan dúró, wọ́n á ní, "Ta ni yóò gbé mi sẹ́yìn bí àpò gàrí? Èmi tí mo ní máṣíìnì tèmi?" Ní ìrọ̀lẹ́ wọ́n á gbé àga wọn síwájú ilé, wọ́n á dijú. Bí wọ́n bá gbọ́ ìró máṣíìnì lókèèrè, wọ́n á ní, "Hóńdà nìyẹn. Ṣéènì rẹ̀ ti dẹ̀." Wọn kì í ṣì í.

Ní Sátidé tó kọjá, mo tẹ̀lé ọ̀rẹ́ mi kan lọ jíṣẹ́ ní ilé Àlàájì Yésúfù, oníṣòwò obì ní Ṣàgámù. Nínú ilé ìkẹ́rùsí wọn, lẹ́yìn àwọn apẹ̀rẹ̀ obì, mo rí alùpùpù Bàbá. BSA dúdú yẹn, èyí tí wọ́n fi ń gbé yín lọ sí ilé ìwé kí wọ́n tó bí mi. Mo mọ̀ ọ́n nítorí agolo wàrà tí Bàbá tẹ́ pẹlẹbẹ tí wọ́n fi lẹ mọ́gáàdì ẹ̀yìn. Mo fi ìka nu eruku ara rẹ̀. N kò mọ̀ pé omi ti ń dà lójú mi títí ọ̀rẹ́ mi fi bi mí pé kí ló dé.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí ẹ ń lọ sí ìlú òyìnbó. Ohun tí mo rántí ni pé Àlàájì wá sílé wa, wọ́n sì ti máṣíìnì náà lọ. Bàbá kò sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún mi rí. Ẹ̀yin ti dàgbà nígbà náà. Ṣé wọ́n tà á ni? Bí ó bá jẹ́ pé wọ́n tà á, ṣé kò ṣeé rà padà? Mo mọ̀ pé èmi kò ní nǹkan kan tí mo lè fi kún un, ó sì ń tì mí lójú láti sọ ọ́. Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ gbàgbé pé mo sọ ọ́.

Èmi ni àbúrò yín,
Adétúnbọ̀.


Birmingham,
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kọkànlá, 1982.

Túnbọ̀ àbúrò mi,

Mo gba lẹ́tà rẹ, mo sì kọ́kọ́ bínú. Láti ọjọ́ tí mo ti dé ìlú yìí, ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí o máa fi ọwọ́ ara rẹ kọ̀wé sí mi, o wá ń tọrọ gáfárà bí ẹni tó wá tọrọ iyọ̀. Ta ló sọ fún ọ pé ìròyìn Bàbá ń dà mí láàmú? Àìgbọ́ rẹ̀ gan-an ni ìdààmú mi. Nínú gbogbo lẹ́tà tí wọ́n ń kọ sí mi, wọn kò dárúkọ orúnkún rí.

O kú oríire ti ilé ẹ̀kọ́. O yẹ níbẹ̀. Má tún bi mí ní ìyẹn mọ́.

Bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n tà á. Mo wà ní yàrá Ìyá, ilẹ̀kùn sì ṣí díẹ̀. Mo rí Àlàájì tó ń kó owó sórí tábìlì, mo sì rí Bàbá tó fi kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́. N kò gbọ́ ohun tí wọ́n jọ sọ, n kò sì fẹ́ gbọ́ ọ. Owó yẹn ni wọ́n fi ra tíkẹ́ẹ̀tì mi. Ó wá ṣẹlẹ̀ pé ìlú tí mo bọ́ sí yìí gan-an ni wọ́n ti ń ṣe BSA tẹ́lẹ̀. Mo lọ wo ilé iṣẹ́ náà nígbà kan. Wọ́n ti wó o, koríko ti hù níbẹ̀. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri tó kù títí ẹsẹ̀ mi fi kú, mo wá wọ bọ́ọ̀sì padà sílé.

Nítorí náà, a ó rà á padà. Gbọ́ bí o ṣe máa ṣe é. Má sọ fún Bàbá. Bí wọ́n bá gbọ́, wọ́n á ní kí n fi owó mi jẹun. Mo fẹ́ kí wọ́n jí lówùúrọ̀ ọjọ́ kan kí wọ́n bá a níwájú ilé. Wá mẹkáníìkì tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́, kí ó yẹ ẹ́ńjìnnì wò kí o tó la ẹnu. Má jẹ́ kí Àlàájì rí i lójú rẹ pé o fẹ́ ẹ. Gbogbo àléébù tí ẹ bá rí lára rẹ̀, kà á sí i létí, kí owó lè wálẹ̀. Kí ẹ sì ná an níṣojú èèyàn o! Àwọn olóbì gbọ́n ju èmi àti ìwọ lọ, kí ó má baà sọ ọ̀tọ̀ lọ́jọ́ kejì.

Ìwọ ọmọ yìí, má bẹ̀rù. Fi ìbẹ̀rù tó máa ń bá ọ láti kékeré yẹn sílé lọ́jọ́ tí o bá ń lọ.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Adétóun.


Ìjẹ̀bú-Òde,
Ọjọ́ kẹjọ, oṣù Kìíní, 1983.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín kú ọdún tuntun. Mo ti ṣe é. N kò mọ̀ bóyá mo ṣe é dáadáa. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí ó ṣe lọ, kí ẹ̀yin fúnra yín lè dájọ́.

Mẹkáníìkì tí mo mú dání ń jẹ́ Lìádì, ní Simawa ló ń gbé. A bá Àlàájà Wúlẹ̀mọ̀tù, ìyàwó Àlàájì, níbi tí wọ́n ti ń bó obì. Wọ́n ní kí a wọlé lọ wò ó. Lìádì tẹ tààyà iwájú, ó fọ́ sí i lọ́wọ́. Ó ní, "Èyí ti di bisikíìtì." Ó ṣí tánkì, ó gbóòórùn rẹ̀. Ó yọ pílọ́ọ̀gì, ó fẹ́ ẹ lẹ́nu. Nígbà tó tẹ kíkì, kò lọ. Ó da òróró díẹ̀ sí i, ó jókòó sórí apẹ̀rẹ̀, ó ń kọrin. Nígbà tó tún tẹ̀ ẹ́, kíkì náà lọ wẹ́rẹ́. Ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Bọ̀ọ̀dá tíṣà, ẹ́ńjìnnì yìí kò kú o. Ẹni tó rà á kò gùn ún rí ni. Ẹ wo nọ́ńbà rẹ̀, ti ìgbà bàbá yín ṣì ni. Ẹ wá wo abẹ́ ìjókòó."

Àkísà Bàbá ló wà lábẹ́ ìjókòó, èyí tí wọ́n gé lára ṣòkòtò kaakí wọn.

Lìádì ní, "Ta ló máa ń ra máṣíìnì tí á wá gbé e pamọ́ bí ẹrù ẹlẹ́rù?"

Mo ní bóyá nítorí pé Àlàájì ti ra mọ́tò ni. Ó mi orí, ó dá ìjókòó padà sáyè rẹ̀.

Àlàájì fúnra wọn dé, wọ́n jókòó. Mo dọ̀bálẹ̀.

"Ìwọ ọmọ ta ni?"

"Ọmọ Ṣóbọ̀wálé ni mí sà, ti Ìlárá."

"Ọmọ Kátíkíìsì ṣọ́ọ̀ṣì Ìlárá? Èyí tó máa ń di aṣọ ìyá ẹ̀ mú yẹn? O mà ti ga! Bàbá ẹ ló rán ẹ?"

"Rárá sà. Wọn kò mọ̀ pé mo wá. Èmi ni mo fẹ́ ra alùpùpù yín."

Obì kan wà lọ́wọ́ wọn tí wọ́n fẹ́ là. Wọn kò là á mọ́. "O fẹ́ ra kí ni?"

"Alùpùpù yín, sà."

"Èyí tó wà nínú ilé yẹn? Tèmi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni sà."

Wọ́n ké pe Yísà àbúrò wọn, wọ́n sì ní kí wọ́n lọ pe Owólabí télọ̀ tó wà ní ìta wá. Wọ́n tẹ́ ẹní fún wọn. Àlàájì ní, "Ọmọ Ṣóbọ̀wálé ló wá rajà o. Tún un sọ, ọmọ mi, kí wọ́n gbọ́." Mo rò pé wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún mi ni. Mo tún un sọ, mo sì gbé ohùn sókè, nítorí pé ẹ ní kí n má bẹ̀rù.

Wọ́n ní igba náírà. Lìádì pariwo, "Igba ké, Àlàájì! Ṣé obì ló kún tánkì rẹ̀ ni?" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, télọ̀ sì ní, "Mẹkáníìkì, ìwọ tí o kò tíì san owó bùbá ọdún tó kọjá, ìwọ náà ń nájà?" Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka àléébù bí ẹ ṣe kọ́ mi. Mo ní tààyà rẹ̀ ti rà nítorí wọn kò gùn ún rí. Mo ní wọn kò yí nọ́ńbà rẹ̀ padà, wọn kò sì ṣe ìwé rẹ̀ sórúkọ ara wọn, gbogbo ìyẹn ló máa di wàhálà ẹni tó bá rà á. Ní gbogbo ìgbà, Àlàájì ń mi orí. "Òótọ́ lo sọ. N kò yí i. Ṣé o ń gbọ́, Yísà? Ó ní n kò yí i, ó ṣì fẹ́ rà á lọ́wọ́ mi."

Mo ní àádọ́ta. Wọ́n ní ṣé mo fẹ́ kí àwọn ta mí lọ́rẹ ni. Mo ní ọgọ́ta, mo fi mẹ́wàá lé e. Wọ́n ní, "Ó di tìẹ." Bẹ́ẹ̀ kíákíá. Mo fẹ́ fi díẹ̀ sílẹ̀ lára owó ìwé mi, wọ́n kọ̀ ọ́. "Ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ ti tó mi." Wọ́n wá la obì ọwọ́ wọn yẹn, wọ́n fún mi ní awẹ́ kan, mo sì jẹ ẹ́ níṣojú gbogbo wọn.

Àlàájà Wúlẹ̀mọ̀tù nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n sìn mí dé ẹnu ọ̀nà. "Ọmọ yìí, ṣé o ti bi bàbá ẹ léèrè ná?" Mo ní a fẹ́ fi ya wọ́n lẹ́nu ni. Wọ́n ní, "Lọ bi wọ́n lónìí. Má jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ bá a." Ẹnì kan pè wọ́n láti inú ilé, wọ́n sì padà wọlé.

N kò bi Bàbá, nítorí pé ẹ̀yin ní kí n má sọ. Ṣùgbọ́n ọkàn mi kò balẹ̀. Owó náà wálẹ̀ jù, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe?

Àbúrò yín,
Adétúnbọ̀.


Birmingham,
Ọjọ́ kẹta, oṣù Kejì, 1983.

Túnbọ̀,

Mo ka lẹ́tà rẹ fún ọ̀rẹ́ mi Ìdíátù níbi iṣẹ́, a sì rẹ́rìn-ín débi pé ọ̀gá wa wá wò wá. Àádọ́rin náírà! Ìwọ tí o ní o kò lè dáhùn ìbéèrè ní kíláàsì! Ìdíátù ń bọ̀ nílé lóṣù Kẹta, òun ló máa fún ọ lówó, tààyà méjèèjì àti owó Lìádì wà níbẹ̀.

Má da ara rẹ láàmú nítorí ọ̀rọ̀ Àlàájà. Àwọn ìyàwó olówó kì í fẹ́ kí nǹkan jáde nílé wọn. Ìwọ náà sì fẹ́ràn láti máa wá ibi tí ayọ̀ ti ń jò. Gbé e fún Bàbá kí ó tó di Àjíǹde, kí o sì kọ ohun tí wọ́n bá sọ ránṣẹ́ sí mi, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀gbọ́n rẹ tí inú rẹ̀ ń dùn,
Adétóun.


Birmingham,
Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù Kẹrin, 1983.

Adétúnbọ̀,

Àjíǹde ti kọjá. Ìdíátù ti padà dé. Ó ní òun fi owó lé ọ lọ́wọ́ ní ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ rẹ, pé o gbà á láìwo ojú òun, o kò sì sọ ju "Ẹ ṣé" lọ. Láti ìgbà náà, n kò gbúròó rẹ. Mo ti kọ̀wé kúkúrú méjì sí ọ láàárín, o kò dáhùn ọ̀kankan.

Kí lo fi owó náà ṣe? Bí ó bá jẹ́ pé o fi ra ìwé, sọ. Bí ó bá jẹ́ pé o fi tọ́jú obìnrin, sọ, n ó bínú, n ó sì gbàgbé rẹ̀. Ṣùgbọ́n má jẹ́ kí n máa ro tìrẹ bí mo ṣe ń rò ó báyìí. Àgbàlagbà kan ń fi orúnkún tó wú rìn lọ sí Àkàkà, ìwọ sì ń dákẹ́ sí mi. Ó mà ṣe o. Mo rò pé mo mọ̀ ọ́.

Adétóun.


Ìlárá Rẹ́mọ,
Ọjọ́ kejì, oṣù Karùn-ún, 1983.

Adétóun ọmọ mi,

Kí àlàáfíà Olúwa wà pẹ̀lú rẹ. Mo gba káàdì Àjíǹde tí o fi ránṣẹ́, mo sì gbé e sórí rédíò. Mo ṣì wà láàyè.

Ohun kan wà tí n kò sọ fún ọ rí, ó sì ti di dandan báyìí. Nígbà tí o ń lọ, n kò ta ohunkóhun. Mo fi àwọn igi obì mi tó wà ní ọ̀nà Àkàkà dógò lọ́dọ̀ Àlàájì Yésúfù ni. Àwọn igi náà kò tíì so dáadáa nígbà náà, òun sì ní kí n fi máṣíìnì lé e. Àdéhùn wa ni pé kí ó máa ká obì náà, kí ó gbé máṣíìnì náà kalẹ̀ láìgùn ún, títí di ọjọ́ tí mo bá dá owó rẹ̀ padà, kí n sì gba méjèèjì. A kò kọ ìwé. Ẹni kan ṣoṣo tó ṣe ẹlẹ́rìí wa ti kú. N kò jẹ́ kí ẹ̀yin ọmọ gbọ́. Ẹ rò pé mo kàn ń ta obì orí igi fún Àlàájì lọ́dọọdún ni, mo sì jẹ́ kí ẹ máa rò ó bẹ́ẹ̀, kí ìwọ má baà máa febi pa ara rẹ lọ́hùn-ún nítorí mi.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń tọ́jú owó yẹn. Ohun tó jẹ́ kí n máa fi ẹsẹ̀ rìn nìyẹn. Ní oṣù Kẹta yìí, owó náà pé. Mo mú Afọláyan, olórí ẹbí wa, a wọ aṣọ àtàtà, a lọ sí Ṣàgámù. Mo ti ń wo ara mi pé orí máṣíìnì ni n ó gbà padà wálé, kódà bí wọ́n bá ń tì mí.

Àlàájì kò bá mi jà. Ó gbé àga fún wa. Ó pe àbúrò rẹ̀ àti télọ̀ kan. Ó ní, "Kátíkíìsì, títà lẹ tà á fún mi. Bí ó bá jẹ́ ìdógò ni, ṣé ọmọ yín á wá ná an lọ́wọ́ mi?" Àwọn yẹn sì sọ ohun tí wọ́n fi ojú ara wọn rí, pé Adétúnbọ̀ wá, ó pè é ní alùpùpù Àlàájì, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, ó ná an, ó sì jẹ obì lé e lórí. Afọláyan yíjú wò mí. Kí ni kí n sọ? Ọjọ́ kan náà ni mo fi igi àti máṣíìnì sílẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà la sọ lórí méjèèjì. Tí máṣíìnì bá ti di títà, igi náà ti di títà. Àwọn àgbà Ìlárá gbọ́ ọ, wọ́n ní kí n gba kámú.

Mo bi Adétúnbọ̀ pé ta ló rán an. Ó ní kò sẹ́ni tó rán òun. N kò mọ ohun tí mo fi ṣe ọmọ yẹn. Bóyá ó fẹ́ fi ṣe fáàrí láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́, kò lè bi bàbá rẹ̀ ní ìbéèrè kan ṣoṣo.

Ìwọ nìkan ló kù tí mo gbọ́kàn lé. Mo mọ̀ pé ìwọ kò lè ṣe irú èyí láìbi mí.

Bàbá rẹ,
J. A. Ṣóbọ̀wálé.


Birmingham,
Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù Karùn-ún, 1983.

Túnbọ̀ mi,

Bàbá kọ̀wé sí mi. Dárí jì mí. Dárí jì mí nítorí lẹ́tà burúkú tí mo kọ sí ọ lóṣù tó kọjá, má sì tọ́jú rẹ̀, ya á.

Èmi ni. Èmi ni mo ní kí o má bi wọ́n. Èmi ni mo ní kí o ka àléébù rẹ̀, bẹ́ẹ̀ àléébù yẹn gan-an ni ẹ̀rí Bàbá: nọ́ńbà tí Àlàájì kò yí, tààyà tó rà nítorí pé kò gùn ún, àkísà abẹ́ ìjókòó. Èmi ni mo ní kí ẹ ná an níṣojú èèyàn. Kí ló dé tí o ní kò sẹ́ni tó rán ọ?

Mo ti kọ lẹ́tà sí Bàbá, mo sì ṣàlàyé gbogbo rẹ̀. Ó wà lórí tábìlì mi, n kò tíì lẹ sítáǹbù mọ́ ọn. N ó dúró gbọ́ tẹnu rẹ, lẹ́yìn náà n ó fi ránṣẹ́. Kò yẹ kí o máa ru ẹrù mi.

Adétóun.


Ìlárá Rẹ́mọ,
Ọjọ́ kẹwàá, oṣù Kẹfà, 1983.

Ẹ̀gbọ́n mi,

Mo kí yín. Ẹ má fi lẹ́tà yẹn ránṣẹ́. Mo bẹ̀ yín, ẹ má fi ránṣẹ́.

Ìdí tí n kò fi dáhùn nìyí: ọjọ́ kejì tí Bàbá ti Ṣàgámù dé ni Ìdíátù gbé owó wá. Owó náà wà nínú Bíbélì Ìyá, n kò fọwọ́ kàn án. Ó lè gbà á padà bí ó bá tún wálé.

Bàbá kò pariwo mọ́ mi. Ìbá sàn. Wọ́n ní kí n jókòó, wọ́n ní, "Ta ló rán ẹ?" Mo wo ojú wọn, mo rí i pé orúkọ yín ni wọ́n ń bẹ̀rù láti gbọ́. N kò ronú. Mo ní kò sẹ́ni tó rán mi. Wọ́n ní níbo ni mo ti fẹ́ rí owó. Mo ní mo fẹ́ tọ́jú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lára owó oúnjẹ mi. Wọ́n mí kanlẹ̀, ó wá dà bí ẹni pé ara tù wọ́n díẹ̀. Ìyẹn nìkan ni ohun tí mo ṣe dáadáa nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, irọ́ sì ni.

Lìádì lọ bá àwọn àgbà fúnra rẹ̀. Ó sọ fún wọn pé Àlàájì kò gun máṣíìnì náà rí, pé ẹni tó ra nǹkan kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n bi í pé, "Ṣé ìwọ náà wà níbẹ̀ nígbà tó ń ná an?" Ó ní òun wà níbẹ̀. Wọ́n ní kí ó máa lọ. Àlàájà Wúlẹ̀mọ̀tù náà wá sílé wa, wọ́n kúnlẹ̀ fún Bàbá, wọ́n ń sunkún, pé àwọn mọ òtítọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn kò lè dúró lójú gbogbo ayé kí àwọn sọ pé ọkọ àwọn ń purọ́. Bàbá ní kí wọ́n dìde, kí wọ́n má jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú bá wọn lọ́nà.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Àlàájì ní kí wọ́n fi ọkọ̀ akẹ́rù gbé alùpùpù náà wá fún Bàbá. Wọ́n ní ọ̀fẹ́ ni, nítorí ọ̀rẹ́ àtijọ́. Wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀ níwájú ilé gan-an, níbi tí ẹ fẹ́ kí wọ́n bá a lówùúrọ̀. Bàbá kò jáde. Wọ́n ní bí àwọn bá gbé e wọlé, àwọn ti gba ọrẹ nìyẹn, ẹni tó bá sì gba ọrẹ Àlàájì kò tún lè sọ pé tòun ni. Wọn kò jẹ́ kí n gbé e wọlé, wọn kò sì jẹ́ kí n gbé e padà. Ibẹ̀ ló wà. Òjò ti ń pa á láti ìgbà náà. Adìẹ ń sùn lórí ìjókòó rẹ̀. Agolo wàrà yẹn ti jábọ́, mo mú un pamọ́.

Bàbá ti gbé àga wọn lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Wọn kì í jókòó síwájú ilé mọ́. Bí máṣíìnì bá ń kọjá, wọn kì í dárúkọ rẹ̀ mọ́. Wọ́n ṣì ń fi ẹsẹ̀ rìn, bẹ́ẹ̀ kò tún sí ohun tí wọ́n ń tọ́jú owó fún. Tí mo bá gbé oúnjẹ kalẹ̀, wọ́n á dúró kí n jáde kí wọ́n tó jẹ ẹ́. N kò tíì padà sí ilé ẹ̀kọ́, ìdánwò sì ti bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. N kò mọ bí mo ṣe máa dúró níwájú ọmọ ọlọ́mọ kí n ní mo fẹ́ kọ́ wọn ní nǹkan.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí. Káàdì yín ti kúrò lórí rédíò. Àpò àyà agbádá ìsìn wọn ni wọ́n fi í sí báyìí. Ní ọjọ́ Àìkú, níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, mo gbọ́ tí wọ́n ń sọ fún Bàbá Afọláyan pé, "Mo ṣì ní ọmọ kan." Ìyẹn nìkan ni mo tíì gbọ́ lẹ́nu wọn tó dà bí ọ̀rọ̀ ẹni tó ṣì fẹ́ wà láàyè. Bí lẹ́tà yín bá dé, kí ni yóò kù fún wọn láti sọ? Igi kò ní padà. N kò ní di ọmọ wọn padà nítorí rẹ̀. Ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ kò ju pé àwa méjèèjì ni wọn yóò máa dúró dè kí a jáde kí wọ́n tó jẹun.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ó jẹ́ èmi nìkan. Ẹ máa kọ̀wé sí wọn bí ẹ ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ẹ bá mi bínú nínú lẹ́tà tí ẹ bá kọ sí wọn, ẹ bú mi dáadáa, kí wọ́n lè gbà á gbọ́. Ẹ sun lẹ́tà ti orí tábìlì yẹn, kí ẹ sì sun èyí mọ́ ọn. Ẹ má fi han Ìdíátù, nítorí pé ó mọ ilé wa. Kí ọ̀rọ̀ yìí má ṣe jáde lẹ́nu yín, bí ẹ tilẹ̀ wálé, bí ẹ tilẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn wọn lọ́jọ́ ìkẹyìn tí wọ́n sì bi yín. Ẹ ní ẹ kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Adétúnbọ̀.